Owó Aláìní-Èlé àti Iṣẹ́ Ìlú: Láti Èsúsú Dé Sukuk

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Nàìjíríà gba bílíọ̀nù 10 náírà lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò láti fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ọdún 7 ni wọ́n fi àdéhùn náà sí. Wọn kò kọ èlé sínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ìjọba yóò máa san owó ilé, ní ìwọ̀n ìdá 14.75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Sukuk ni wọ́n ń pe irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀, ìjọba kankan ní Nàìjíríà kò sì tíì ṣe irú rẹ̀ rí kí Ọ̀ṣun tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa ní Kùtọ̀nú bí a ti lè rò. Ní ọdún 2016, Togo, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ láàárọ̀ tí a sì ń padà wálé lálẹ́, ta sukuk tirẹ̀. Àwa pẹ̀lú wọn la jọ ń ná owó kan náà lábẹ́ bánkì àgbà kan náà. Nígbà tí mo bá sì ń gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo máa ń rí i pé ohun méjì péré ni wọ́n ń bi ara wọn: ṣé ó tọ́ lójú ẹ̀sìn, àbí ọgbọ́n láti sọ ìlú di ti Mùsùlùmí ni? Èkínní, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn àáfà. Èkejì, a óò kàn án níwájú. Ìbéèrè mìíràn wà tí ó jẹ́ ti òǹkọ̀tàn: kí àlejò tí ń jẹ́ sukuk tó dé, báwo ni àwọn ènìyàn wa ṣe ń rí owó tí kò ní èlé fi ṣe iṣẹ́ ìlú, kí sì ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń ná wọn?

Kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Àwọn baba wa mọ èlé dáadáa, tiwọn sì korò. Ẹni tí ó bá yá owó láyé àtijọ́, yálà fún ìsìnkú, fún ìgbéyàwó, tàbí láti ra ará ilé rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn tí ó kó o lẹ́rú, lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. A máa ṣiṣẹ́ fún olówó ní apá kan ọjọ́, a sì ráyè bójú tó oko tirẹ̀ ní apá kejì. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, ṣàlàyé pé ipò èlé ni iṣẹ́ ìwọ̀fà dúró sí. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ náà kò dín gbèsè kù rárá. Ojú owó wà níbẹ̀ bí ó ti wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ọdún 20 bá kọjá tí ẹbí kò rí ojú owó kó jọ, ìwọ̀fà ṣì ń lọ sóko olówó. Bí a bá ń wá ìtumọ̀ ohun tí èlé lè ṣe fún ènìyàn, kò yẹ kí a lọ jìnnà.

Nínú ìlú kan náà, ní ojú ọjọ́ kan náà, èsúsú wà. Johnson kọ nípa òun náà: àwọn ènìyàn a fi iye kan lélẹ̀ tí olúkúlùkù yóò máa dá ní ọjọ́ tí wọ́n yàn, olórí kan yóò wà, wọn yóò sì máa kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n inú rẹ̀ dáadáa. Bí ènìyàn 12 bá ń dá èsúsú, ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o ti yá owó àwọn 11 yòókù láìsan èlé. Ẹni tí ó kó o gbẹ̀yìn ti yá àwọn 11 lówó láìgba èlé. Kò sí ẹni tí ó gba ju ohun tí ó dá lọ. Ohun tí ó rọ́pò èlé ni pé gbogbo wọn mọ ilé ara wọn. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1930, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èsúsú ní 1952 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀-ajé ṣì ń kà. Àwọn tí a kó lẹ́rú gbé e lọ sí òkè òkun pẹ̀lú: susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad, asue ni ní Bahamas. Ní ọjà Tọkpa, tontine ni orúkọ tí ó gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ́tí sí àwọn ìyá tí ó wá láti Kétu tàbí Sàbẹ́, ẹ óò gbọ́ orúkọ àtijọ́ náà. (Àjọ yàtọ̀ díẹ̀. Alájọ tí ń kiri pẹ̀lú káàdì máa ń yọ owó ọjọ́ kan nínú owó oṣù kan fún ara rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe èlé.)

Ṣùgbọ́n èsúsú kì í kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ó lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ó lè kan òrùlé, ó lè rán ọmọ kan lọ sí yunifásítì. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni ó ń kó o. Iṣẹ́ gbogbo ìlú béèrè ohun mìíràn.

Ibẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí àárín wa ti mú tiwọn wá. Àlùkùránì, nínú Súrà kejì, fi àyè gba òwò, ó sì ka ribá léèwọ̀, èyí tí àwọn àáfà wa ń tú sí owó èlé. Ohun tí ó wà lẹ́yìn òfin náà ni pé owó nìkan kò gbọdọ̀ bí owó: èrè gbọ́dọ̀ ti inú ọjà wá, tàbí inú ohun tí a fi háyà, tàbí inú òwò tí a jọ pín àdánù rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀nà mẹ́ta wà tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwùjọ. Sàká jẹ́ dandan fún ẹni tí ọrọ̀ rẹ̀ bá tó ìwọ̀n. Sàráà jẹ́ ti ìfẹ́ inú. Wákàfù ni ẹ̀kẹta: ilé, ilẹ̀ tàbí ohun ìní tí olówó yọ kúrò nínú ohun tirẹ̀ fún Ọlọ́run, tí a kò lè tà, tí ọmọ kò sì lè jogún, tí àǹfààní rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù ní etíkun wa ni mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó. Mohammed Shitta jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sierra Leone, tí òwò sì sọ di ọlọ́rọ̀. Òun ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil wá, ni ó sì darí iṣẹ́ ilé náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894, Gómìnà Gilbert Carter wà níbi ìṣílé rẹ̀. Súltáànì Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì rán Abdullah Quilliam láti Liverpool wá láti ṣojú òun, ó sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé nínú ọ̀rọ̀ tí Quilliam mú wá, a gba àwọn Mùsùlùmí Èkó níyànjú kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn kàwé ní ọ̀nà ìgbàlódé. Ọdún 2 lẹ́yìn náà, ní 1896, ìjọba ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo dá iṣẹ́ náà ṣe, ó sì kú ní 1895, ọdún kan péré lẹ́yìn ìṣílé.

Ní Àjàṣẹ́ tiwa, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí gbogbo àlejò ń yà ní fọ́tò, tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, kì í ṣe owó ẹnìkan. Ní 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ju ọdún 10 lọ kí ó tó parí. Ìdáwó ni: àwọn oníṣòwò Yorùbá ní ọwọ́ kan, àwọn Àgùdà Mùsùlùmí ní ọwọ́ kejì, ìdílé Paraïso sì wà lára àwọn tí orúkọ wọn hàn jù láàárín àwọn Àgùdà nígbà náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a gbájọ a máa jà pẹ̀lú. Ìjà wáyé lórí ẹni tí yóò jẹ́ lèmọ́mù, ìjọba Faransé sì na etí sí i. Paul Marty, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn tí ó kọ ìwé lórí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Dahomey ní 1926, kò jẹ́ kí a gbàgbé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú kéré ìjà náà. Ẹni tí ó bá dá owó sí ilé gbà pé òun lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Iye tí ìdáwó ń ná ènìyàn nìyẹn: ọ̀pọ̀ ọdún, àti ọ̀pọ̀ ẹnu.

Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, gbé ìdáwó yìí kúrò lórí mọ́ṣáláṣí lọ sórí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rù tí ó bà wọ́n yé gbogbo ènìyàn: ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníwàásù Kristẹni, ọmọ Mùsùlùmí tí ó bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Raṣidi lè jáde pẹ̀lú orúkọ Richard. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìrànwọ́ ìjọba tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Títí di òní, ilé ẹ̀kọ́ Ansar-Ud-Deen wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ti Nàìjíríà, ọmọ Kristẹni sì ń kàwé nínú wọn.

Gbogbo èyí jẹ́ ẹ̀bùn. Ẹni tí ó fi í sílẹ̀ kò retí rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Owó tí ó ń padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ní i, tí ó tún mú èrè wá láìsí èlé, ilẹ̀ mìíràn ni a ti kọ́ ètò rẹ̀. Ní 1963, ní ìlú kékeré Mit Ghamr ní Íjíbítì, Ahmad al-Najjar, tí ó kàwé ní Jámánì tí ó sì rí àwọn bánkì ìfowópamọ́ kéékèèké ibẹ̀, dá bánkì kan sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Wọn kò san èlé, wọn kò gba èlé. Wọ́n ń bá àwọn oníbàárà pín èrè òwò. Wọn kò fi orúkọ Ìsìláàmù sí ara ògiri, nítorí ìjọba Nasser kò fẹ́ràn irú rẹ̀. Kò ju ọdún mélòó kan lọ tí bánkì náà fi wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kò wọlẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1973, lẹ́yìn tí owó epo ti gòkè, àwọn mínísítà ètò ìnáwó ti àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí fohùn ṣọ̀kan ní Jeddah láti dá Bánkì Ìdàgbàsókè ti Ìsìláàmù sílẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní BID. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Bénẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí kọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wa. Owó tí BID ń yá orílẹ̀-èdè fún iṣẹ́ ìlú, kì í gba èlé lórí rẹ̀. Owó iṣẹ́ tí bánkì ṣe lórí rẹ̀ ni ó ń gbà.

Lábẹ́ BID ni ilé iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ SID, òun sì ni ó ran àwọn ìjọba agbègbè wa lọ́wọ́ láti ta sukuk. Senegal ni ó ṣáájú ní 2014 pẹ̀lú bílíọ̀nù 100 frank CFA. Côte d'Ivoire tẹ̀ lé e ní 2015 pẹ̀lú bílíọ̀nù 150. Togo ta bílíọ̀nù 150 ní 2016, fún ọdún 10, ní ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kíyè sí ọjọ́ wọ̀nyí, nítorí oṣù kẹta ọdún 2018 ni BCEAO tó gbé ìlànà jáde lórí bí bánkì àti ilé ìfowópamọ́ kéékèèké ṣe lè ṣe òwò owó ní ọ̀nà Ìsìláàmù. Ọjà ti ń ná kí òfin tó dé ìsọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ọ̀ṣun, nítorí níbẹ̀ ni a ti rí ọ̀ràn náà ní gbangba, láàárín àwọn tí èdè wọn jẹ́ èdè wa.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe rí. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Osun Sukuk Company. Àwọn olùdókòwò san owó fún un. Ìwé tí wọ́n gbà fi hàn pé wọ́n ní ìpín nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà. Ilé iṣẹ́ náà wá fi ilé ẹ̀kọ́ háyà fún ìjọba. Ìjọba di ayálégbé nínú ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà lórí ilẹ̀ ara rẹ̀, ó ń san owó ilé, títí ọdún 7 yóò fi pé tí ilé yóò padà di tirẹ̀. Ijara ni orúkọ irú àdéhùn yìí. Kí àwọn olówó lè fọkàn balẹ̀, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa yọ owó náà láti orísun, nínú ìpín tí Abuja ń fún ìpínlẹ̀, kí ó tó dé Òṣogbo rárá.

Lójú àwọn kan, orúkọ nìkan ni ó yí padà. Ìdá 14.75 ni ìdá 14.75, wọ́n ní, ẹ pè é ní èlé tàbí owó ilé. Àtakò yìí kì í ṣe ti àwọn tí kò fẹ́ràn Ìsìláàmù nìkan. Ní 2007, Muhammad Taqi Usmani, àgbà onímọ̀ òfin Ìsìláàmù láti Pakistan, bẹnu àtẹ́ lu ọ̀pọ̀ jùlọ sukuk tí ayé ń tà nígbà náà, ó ní wọn kò tẹ̀ lé òfin tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó ń bí i nínú ni ìlérí tí ń dá ojú owó padà ní pípé bó ti wù kí òwò rí, nítorí ìlérí bẹ́ẹ̀ ń kó gbogbo àdánù lé ẹnìkan lórí.

Ní tèmi, àtakò náà lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohun kan. Ìjọba tí ó bá yá owó lásán lè ní ilé ẹ̀kọ́ ni òun fẹ́ kọ́, kí owó náà sì wọlé síbi tí a kò mọ̀. Nínú ijara, ilé gbọ́dọ̀ wà kí owó ilé tó lè wà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà dìde lóòótọ́. Àwọn òbí rí wọn, àwọn alátakò pàápàá kò lè sọ pé kò sí wọn. Láti ìgbà ayé ìwọ̀fà títí di ìsinsìnyí, ìgbà mélòó ni onígbèsè rí ohun tí ó jẹ gbèsè lé lórí ní ìdúró lójú rẹ̀?

Ìbínú tí ó wáyé nípa ẹ̀sìn, orí ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni ó dá lé. Rauf Aregbesola, gómìnà ìgbà náà, jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í fi ara pamọ́. Ó ń da àwọn ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, lára wọn ni àwọn tí ìjọ Kristẹni dá sílẹ̀ tí ìjọba ti gbà láti àwọn ọdún 1970. Ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, CAN, rí sukuk gẹ́gẹ́ bí òkúta kan lára ògiri tí ó ń mọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dájọ́ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ ìjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní Ìwó, àwọn ọmọ Kristẹni kan sì wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wá sí kíláàsì. Ìdájọ́ náà kò kan sukuk. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò ya méjèèjì sọ́tọ̀, n kò sì lè bá wọn wí: ìjọba kan náà ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó jókòó ṣàlàyé fún wọn pé ìwé àdéhùn sukuk kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ta sukuk bílíọ̀nù 100 náírà ní 2017 fún títì 25, tí apá kan ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára wọn, CAN tún pariwo. Títì náà ni pásítọ̀ àti lèmọ́mù jọ ń gbà lónìí.

Ohun tí ó yẹ kí ariwo pọ̀ lé lórí wà níbòmíràn. Ní 2014, owó epo já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, ìpín tí Abuja ń fún àwọn ìpínlẹ̀ sì já pẹ̀lú rẹ̀. Ní 2015, Ọ̀ṣun jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní owó oṣù púpọ̀, lẹ́yìn náà ni ó wá ń san ààbọ̀ owó oṣù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Sukuk nìkan kọ́ ni gbèsè ìpínlẹ̀ náà, kò sì tilẹ̀ tóbi jù nínú wọn. Síbẹ̀, nítorí pé láti orísun ni wọ́n ti ń yọ ọ́, owó ilé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tí ń kọ́ni nínú kíláàsì tuntun lè gba ààbọ̀ owó oṣù, ẹni tí ó ni ìpín nínú kíláàsì náà gba tirẹ̀ ní kíkún. Òfin tí ó ka ribá léèwọ̀ fẹ́ kí olówó àti ẹni tí ó gbowó jọ ru àdánù. Nínú àdéhùn yìí, olùkọ́ ni ó rù ú.

Nínú èsúsú, bí àìsàn bá dé bá ẹnìkan, ó lè lọ bá olórí, kí wọ́n yí ìgbà rẹ̀ padà. Nínú ìdáwó Àjàṣẹ́, nígbà tí owó bá tán, iṣẹ́ a dúró títí owó mìíràn yóò fi dé. Ìdí nìyẹn tí ó fi ju ọdún 10 lọ. Ẹni tí ó ra sukuk kò sí ní Òṣogbo kí a lọ bá a lálẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ra á, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú sukuk ìjọba àpapọ̀, òun náà ní ẹni tí ó ń dúró de owó rẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni ọdún 7 àdéhùn Ọ̀ṣun pé. Aregbesola ti fi ipò sílẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2018, Gboyega Oyetola ni ó wà níbẹ̀. Owó ilé tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ ni ó ń bá a san, àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà sì wà ní ìdérí nítorí àrùn Kòrónà fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún yẹn.